Ta Lo Ní Níbẹ̀?

Àwòrán kan wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ wa ní GRA Ìlọrin, nínú férémù onígíláàsì tí eruku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Àpótí ni wọ́n yà síbẹ̀. Olùdarí wà lókè, igbákejì rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn olórí ẹ̀ka mẹ́rin tẹ̀ lé e, àwa yòókù sì tò sísàlẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà iná. Ìlà tín-ín-rín ló so àpótí kan mọ́ òmíràn. Àlejò tó bá wò ó á rò pé báyìí ni àṣẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, báyìí ni ẹjọ́ ṣe ń gòkè. Irọ́ ni. Mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ilé yẹn, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí irọ́ tó tó àwòrán náà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún la máa ń kọ ìwé àbọ̀ iṣẹ́.

Ẹ má bi mí pé iléeṣẹ́ wo ni. Ti ìjọba ni, ó tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni kí n máa ka nǹkan, kí n sì máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní í kà á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gba lẹ́tà pé kí n kó lọ sí ọ́fíìsì wa ní Kàíámà kí oṣù tó parí. Mo fẹ́ sọ bí lẹ́tà náà ṣe rí, nítorí pé kò sí ẹni tó bi mí nígbà náà. Déètì orí rẹ̀ ti pé ọjọ́ méjìlá. Òfin sì sọ pé ẹni tí kò bá fara mọ́ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fi ẹ̀hónú hàn, ìyẹn ni pé ọjọ́ méjì péré ló kù fún mi, ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Wọ́n kọ orúkọ bàbá mi sí ipò orúkọ mi, wọ́n sì fo orúkọ tèmi. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ẹni tó gbé e wá ti fi àpòòwé náà gbé àkàrà. Òróró ti rin ín débi pé mo ti ka Kàíámà láti òde kí n tó ya etí rẹ̀.

Kì í ṣe pé Kàíámà burú. Mo ti ṣiṣẹ́ débẹ̀ rí, àwọn èèyàn wọn dáa, iṣu wọn dáa. Ìyá mi ni wàhálà tó wà ńlẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ní Basin láti ìgbà tí ojú wọn ti ń ṣe wọ́n. Irú àìsàn ojú tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìran bọ̀ ni, tó bá dé àárín, ó parí. Dókítà sọ pé oògùn tí à ń kán sójú ló lè dá a dúró, pé aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ àti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni kí á máa kán an, kí á má sì pa ọjọ́ kan jẹ. Ọwọ́ ìyá mi ń gbọ̀n, wọn ò lè dá a kán. Ìyàwó mi ń kọ́ni ní Ọ̀fà, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Aládùúgbò wa kan bá mi gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan tí mo rìnrìn àjò, ìyá mi di ojú pinpin bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ fún ní àgbo, oògùn olówó gọbọi sì ṣàn wọ inú etí. Nítorí náà, ọwọ́ mi ni. Tí mo bá lọ sí Kàíámà, ìyá mi á fọ́jú. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ẹ̀hónú mi, ní ojú ewé kẹta.

Mo kọ́kọ́ tọ olórí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ lọ. Ó ní ẹ̀bi òun kọ́, òkè ni lẹ́tà ti wá. Mo gun òkè lọ bá Olùdarí. Ó ní òun kàn fọwọ́ sí i ni, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá bá òun. Ilé alájà kan ni iléeṣẹ́ wa, ẹ má gbàgbé. Láàrin òkè àti ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn náà lọ́jọ́ yẹn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò rí ẹnikẹ́ni tó jọ ẹni tó lè kọ lẹ́tà.

Mo kọ ìwé ẹ̀hónú mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀kẹta nínú wọn jẹ́ ojú ewé méje, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé dókítà, ẹ̀dà òfin, àti àkọsílẹ̀ àwọn mẹ́ta tí wọn ò kúrò ní Ìlọrin láti ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì tí mo fi í sílẹ̀, mo rí ojú ewé kẹrin lábẹ́ ife tíì akọ̀wé Olùdarí. Ó ti fi ìdí ife ya òbìrìkìtì sí àárín ọ̀rọ̀ mi, ó sì tún ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Nígbà tí mo délé, tí mo kán oògùn tán, ìyá mi di ojú, wọ́n ní, "Ta lo ní níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀tọ́ mi ni mo ní níbẹ̀, Màámi. Òfin ni mo ní."

Wọ́n ní, "Òfin kì í lọ sípàdé, ọmọ mi. Èèyàn ni mo ní o ní níbẹ̀."

Mo bínú. Irú ìbéèrè yẹn ló ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé mo ti gba máàkì lórí ìbéèrè yẹn rí. Nígbà tí mo ń ṣe oyè kejì ní yunifásítì, nínú ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, wọ́n kọ́ wa ní ọgbọ́n kan tí kò le rárá. Ẹ ó gbàgbé ipò, ẹ ó gbàgbé àpótí. Ẹnìkọ̀ọ̀kan á di àmì róbótó kan lórí bébà. Bí ẹni méjì bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, ẹ ó fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Nígbà tí ẹ bá fa gbogbo ìlà tán, bébà fúnra rẹ̀ á sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí ẹni tí ìlà pọ̀ sí lára, ẹ ó rí ẹni tó jẹ́ afárá láàrin agbo méjì, ẹ ó sì rí ẹni tó dá wà. Ìwé ńlá ńlá ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ lórí ẹ̀.

Láàárọ̀, mo sọ fún ìyá mi pé ìbéèrè wọn ni àwọn òyìnbó fi ń gba oyè ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ní, "Àwọn yẹn ní èèyàn níbẹ̀ ni."

Mo pinnu láti ya àwòrán tèmi. Ẹnikẹ́ni tó wà láàrin òkè àti ìsàlẹ̀, màá rí i.

Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé orúkọ òṣìṣẹ́, èmi náà wà níbẹ̀. Mo tẹ ìbéèrè kan ṣoṣo sórí bébà, mo pín in yíká: Bí nǹkan bá rú ọ lójú níbi iṣẹ́, àwọn ẹni mẹ́ta wo lo máa ń tọ̀ lọ? Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ tiwọn sókè, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mo sọ pé ìwádìí ìmọ̀ ni, mi ò sì parọ́.

Láàrin ọjọ́ méjì, bébà ti pé. Mo jókòó láti fa ìlà, ẹnu sì yà mí. Gbogbo wọn ló kọ Olùdarí sí ipò kìíní, igbákejì rẹ̀ sí ipò kejì, olórí ẹ̀ka tiwọn sí ipò kẹta. Ọ̀kan tilẹ̀ fi àdúrà tẹ̀ lé e, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀gá wa pẹ́ fún wa. Bí a bá tẹ̀ lé ìwádìí mi, Olùdarí, ẹni tí kì í jẹ́ kéèyàn parí gbólóhùn kan níwájú òun, ni ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ gbogbo ilé. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ń bá a gbìmọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń bá a gbìmọ̀. Mo ti fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ya àwòrán inú férémù yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Bébà kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Obìnrin kan tó ń tọ́jú fáìlì ní yàrá ìsàlẹ̀, lẹ́yìn àtẹ̀gùn, dá tiẹ̀ padà lófìfo. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, kò kọ nǹkan kan sáàárín. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ò rí ẹni kọ. Mo rò pé ìwọ̀sí ni, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó kọ̀ láti fọwọ́sowọ́pọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló la ojú mi. Ọmọ Ìlọrin ni, bàbá arúgbó tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí a jọ máa ń jà láràárọ̀ nítorí pé aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń ṣí géètì tó yẹ kó ṣí ní aago méje ààbọ̀. Nígbà tí mo ń ráhùn pé àwọn òṣìṣẹ́ parọ́ fún mi, ó rẹ́rìn-ín.

Ó fi orúkọ ìlú mi pè mí bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ọ̀gá Ọ̀mù-Àrán, ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò. Ta ló máa kọ ọmọdé síwájú àgbà nínú ìwé, tó tún máa fọwọ́ sí i?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi níyẹn. Mo padà lọ wo bébà tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ kọ láti fi dán ìbéèrè náà wò. Olùdarí ni mo kọ sí ipò kìíní. Ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ rán mi lọ sí Kàíámà. Inú bí mi sí ọwọ́ ara mi.

Mo wá fi ẹnu sílẹ̀, mo mú ojú. Mo ra ìwé onílà àpótí ní Ọjà Tuntun, mo sì fi ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ṣọ́ wọn. Mo kọ ẹni tó ń yá ẹni ní cháájà fóònù, nítorí pé èèyàn lè purọ́ ìfẹ́, kò lè purọ́ cháájà. Mo kọ ẹni tó ń bu omi àlùwàlá fún ẹni, àti ẹni tí ó máa ń jókòó ti ẹni lórí ẹní lẹ́yìn ìrun Àyílà ọ̀sán nígbà tí ìmáàmù ti ṣe tán. Mo kọ ẹni tó ń wọ mọ́tò ẹni relé, mo kọ ẹni tí ẹni ń pa ẹnu dà tó bá wọlé. Àwọn ọkùnrin méjì kan wà ní ẹ̀ka ètò tí wọ́n ti kọ ìwé ẹ̀sùn mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, èmi náà jẹ́rìí sí ọ̀kan. Abọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ fi ń jẹun ọ̀sán. Mo tọrọ ìwé ẹ̀rí mi padà lọ́kàn mi.

Ohun tó wá dààmú mi ni pé ìlà tí mo ń fà kò dúró sínú ilé. Bí mo bá tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, á jáde sí ìta, á yà sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́bàá ibi tí a ń gbé mọ́tò sí. Ìyá Atẹ̀wé ló ń jókòó síbẹ̀. Kò sí nínú ìwé orúkọ òṣìṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fún wọn ní bébà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì láti ọdún méje sẹ́yìn. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n ṣe níbẹ̀ fún ọdún márùndínlógójì, láti ayé táípúráítà, ọwọ́ wọn ni olùdarí márùn-ún kọjá. Wọ́n fẹ̀yìn tì tán, wọn ò dẹ́kun wíwá. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, kẹ̀kẹ́ márúwá á gbé wọn wá láti ìgboro, bàbá ẹnu géètì á tẹ́ ẹní, wọ́n á gbé fúláàsì wọn kalẹ̀, ó di aago mẹ́rin. Wọn ò tajà. Wọn ò gbowó. Wọ́n kàn jókòó ni.

Nínú ọgbọ̀n èèyàn tí mo ń ṣọ́, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ń yà lọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́. Olùdarí fúnra rẹ̀ ń yà. Tó bá di aago mẹ́ta ààbọ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á ní òun fẹ́ wo táyà mọ́tò òun. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi táyà, á máa tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ á sì máa lọ. Ìyá Atẹ̀wé á máa dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀. Kò sí táyà tó ń rí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìlọrin.

Mo ní láti fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà mìíràn mọ́ àwòrán mi kí n tó rí àyè fi wọ́n sí. Nígbà tí mo fa ìlà tán, ó dà bí ilé aláǹtakùn, Ìyá Atẹ̀wé wà láàárín gbùngbùn. Ọ̀gá wa lókè lọ́hùn-ún ní ìlà mẹ́ta péré, táyà kò sí lára wọn. Mo wá wá ara mi. Mo wà ní igun bébà. Ìlà kan ṣoṣo ló kàn mí, ti bàbá ẹnu géètì, ìjà lásán sì ni. Mo rò ó bóyá kí n pa á rẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Ẹni tí a ń bá jà lójoojúmọ́, a mọ̀ ọ́n ju ẹni tí a ń kí lọ.

Ní igun kejì, àmì mìíràn wà tí kò ní ìlà rárá. Obìnrin oní-fáìlì ni.

Mo ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe fún Ìyá Atẹ̀wé tí kò fi sí ìlà kankan láàrin wa. Mo máa ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìwé ẹ̀sùn tí mo bá kọ, wọ́n wà nínú fáìlì mẹ́rin nílé. Mo tú wọn. Ó wà nínú fáìlì kejì, ó ti pé ọdún méjì. Mo ti kọ̀wé pé àga kan tó jẹ́ dúkìá ìjọba wà lábẹ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo rántí pé gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ ọ́. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí mo kọ sí iléeṣẹ́ yẹn, òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n gbé àga kúrò lábẹ́ igi, wọ́n gbé e lọ sí sítọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Atẹ̀wé ti ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ẹní. Gbogbo àìdáa tí wọ́n ṣe sí mi láti ọdún mẹ́sàn-án ni mo mọ̀ lórí, pẹ̀lú déètì. Èyí ni mo gbàgbé.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí oṣù parí. Mo lọ bá bàbá ẹnu géètì, mo ní kí wọ́n mú mi lọ bá Ìyá. 

Wọ́n ní, "Ẹ ò ṣe dá lọ? Ẹsẹ̀ bàtà ogún kọ́ ni láti ibí?"

Mo ní èèyàn kì í dá lọ bẹ àgbà. Wọ́n ní, "Háà. Ẹ̀yin náà mọ̀yẹn." Wọ́n ní kí ó di Àlàmísì, lẹ́yìn Àyílà, pé inú Ìyá máa ń rọ̀ tí wọ́n bá ti kírun tán. Wọ́n tún ní láti ọ̀la lọ, kí n má pariwo géètì mọ́. Mo gbà. Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ mí dà.

Lọ́jọ́ Àlàmísì náà, bàbá ẹnu géètì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹní. "Ìyá, ẹni wa kan rèé o."

Ìyá Atẹ̀wé ń ṣí fúláàsì. "Ẹni wa? Láti ìgbà wo?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ewé dóńgóyárò. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, déètì, òfin, àkàrà. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá sọ fún mi, láìgbé ohùn sókè, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ọ́fíìsì Kàíámà bèèrè èèyàn kan. Wọ́n kọ orúkọ ẹni mẹ́fà tí wọ́n lè mú. Ìròyìn jáde kí bébà tó gbẹ. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ẹnìkan wá sábẹ́ igi nítorí èyí pé ìyàwó rẹ̀ lóyún, ẹlòmíràn wá nítorí tọ̀hún pé òun nìkan ló mọ kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ọ̀ tó máa ń há, ẹ̀kẹta wá nítorí ẹ̀kẹrin. Nígbà tí ọ̀gá wá wo táyà, ó bi wọ́n pé ta ló kù.

"Mi ò dárúkọ ẹ fún un," ni wọ́n wí. "Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ fún mi ni. Orúkọ tó kù nílẹ̀ ni wọ́n mú."

Mo ní ìyá mi á fọ́jú.

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé, Ìyá. Ojú ewé kẹta."

"Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì tẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ka ojú ewé kẹta." Wọ́n da tíì sínú ìdérí fúláàsì. "Dúníyàn ò sí láìsí sàbàbí, ẹni tí nǹkan máa ń tipasẹ̀ ẹ̀ wá. Ẹni tí yóò fi ẹnu bá ọ sọ ọ́, ìyẹn ni mò ń bi ọ́. Mo sì rántí àga yẹn o, mi ò ní í purọ́ fún ọ. Mo lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí orúkọ ẹ kù nílẹ̀, mo dákẹ́. Orúnkún mi náà bá mi dákẹ́."

Wọn ò ní kí n ṣe nǹkan kan. Wọ́n bi mí nípa oògùn ojú, iye ìgbà tí mò ń kán an, ẹni tí yóò kán an bí mo bá sùn síta. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Mo ṣì dúró lé e pé òtítọ́ ni mo kọ nípa àga yẹn. Dúkìá ìjọba ni, nọ́ńbà ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó mú òfin wá. Ṣùgbọ́n mo lọ sí sítọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ̀ gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi, ó ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ fi àga ṣe. Mo kọ ọ́ pé fún iṣẹ́ ìjọba. N kò tíì kọ òótọ́ tó ju ìyẹn lọ sórí fọ́ọ̀mù. Mo gbé àga lórí, mo gba àárín ọgbà kọjá nínú oòrùn, gbogbo fèrèsé sì kún. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Alákọsílẹ̀ ti di alágbàárù." Mo gbé e kalẹ̀ lábẹ́ igi. Ìyá Atẹ̀wé dìde díẹ̀díẹ̀ lórí ẹní, wọ́n di ejìká mi mú, wọ́n jókòó. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọn ò kí mi kú iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé. Wọ́n ti fagi lé Kàíámà. Orúkọ bàbá mi ni wọ́n tún kọ. Déètì orí rẹ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyẹn ni pé lójú ìwé, wọ́n ti dárí jì mí kí n tó gbé àga rárá. Iléeṣẹ́ wa kò ní í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan rí bó ṣe rí. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ta lo wá rí?" Mo ní màá sọ fún wọn nílé. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà, níbi tí wọ́n máa ń kọ ẹni tí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí.

Obìnrin oní-fáìlì ni. Wọ́n ti mú un dípò mi.

Mo ṣí báàgì, mo yọ bébà alágọ́ọ̀mù yẹn. Àmì rẹ̀ wà níbi tí mo fi í sí, ní igun, láìní ìlà. Ó ti wà lọ́wọ́ mi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bébà kà á ti mọ̀ pé bí wọn ò bá mú mi, òun ni yóò kù nílẹ̀. Èmi ni mo ya bébà náà. Bébà òfìfo tó dá padà sì wà nínú fáìlì mi, tí mo kọ̀wé sí lára pé ó kọ̀ láti fọwọ́sowọ́pọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀hónú. Gbólóhùn àkọ́kọ́ dára, mo lè kà á fún yín títí dòní. Nígbà tí mo dé ojú ewé kejì, mo rántí ìdí ife tíì. Mo dé gègé, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Atẹ̀wé wà lórí àga, ẹsẹ̀ wọn nà sórí ẹní tó ti di ti ẹsẹ̀ báyìí. Mo dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò mú alágbàwí dání.

"Lẹ́tà ò tíì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni?"

Mo ní ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo dúpẹ́. Mo ní nítorí ẹlòmíràn ni mo ṣe wá. Mo dárúkọ rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní òun ló ń tọ́jú fáìlì lẹ́yìn àtẹ̀gùn. Ọdún mẹ́fà ló ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní ṣé ó lọ́kọ? Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní ṣé ó lọ́mọ nílé, ṣé ó ní àgbà tó ń tọ́jú, kí ni yóò bàjẹ́ bó bá kúrò ní Ìlọrin? Mi ò mọ ọ̀kankan. Mo mọ bó ṣe ń fọwọ́ síwèé. Mo mọ̀ pé kì í yá cháájà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ti ka gbogbo wọn, tí mo ti to gbogbo wọn sínú àpótí, mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí kò kọ́ ìwé ilé rẹ̀.

Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Aago méjì kọjá. Ó ku wákàtí kan àti díẹ̀ kí ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ wá wo táyà.

Wọ́n ní, "Lọ pè é wá kó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Tó o bá ti ń bọ̀, ya sítọ̀, kó o gbé àga kan sí i."